Ẹ̀pẹ́, Ìwopin tàbí adágún IITA: èwo ló yẹ ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tó fẹ́ lọ wo ẹyẹ àti ẹran omi?

Bí ará Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ará Ṣágámù bá ní òun fẹ́ kó ọmọ lọ sétí omi lópin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n wo ẹyẹ, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn lára, ibi mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ fún un. Ẹ̀pẹ́ làkọ́kọ́, torí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ìwopin ló tẹ̀ lé e, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside. Ẹni tó bá ti bá àwọn onímọ̀ ẹyẹ rìn díẹ̀ á ní kí ẹ gbàgbé ọ̀sà, kí ẹ gba Ìbàdàn lọ síbi adágún tó wà nínú ọgbà IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn. Ẹnìkan á sì tún fò dìde pé igbó J4 ni kí ẹ lọ, pé ibẹ̀ ni erin wà.

Gbogbo wọn ló ní ohun tí wọ́n fi dára, ṣùgbọ́n wọn ò jọra rárá. Ẹni tó bá lọ sí ọ̀kan pẹ̀lú èrò èkejì lọ́kàn, ìbínú ló máa gbé bọ̀ wálé. Ohun tí mo sábà máa ń rí ni pé bí ọ̀nà ṣe dáa sí làwọn èèyàn fi ń yan ibi tí wọ́n ń lọ, wọn kì í kọ́kọ́ bi ara wọn léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fojú rí. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Omi kò jọ omi

Irú omi tó wà níbì kan ló ń pinnu irú ẹyẹ tó máa bà síbẹ̀. Ọ̀sà Èkó níyọ̀, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi òkun bá ń tì wọlé tí omi odò kò sì lágbára tó láti tì í padà. Ọ̀sà Lẹ́kí tí Ìwopin jókòó tì ní tirẹ̀, omi tí kò níyọ̀ ni. Odò Ọ̀ṣun, èyí tó la ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá, ń ṣàn wọ inú rẹ̀ láti apá kan, odò Oni sì ń ṣàn wọ̀ ọ́ láti apá kejì. Ẹ̀pẹ́ wà láàárín ọ̀sà méjèèjì. Ọ̀nà tí omi Lẹ́kí ń gbà lọ bá omi Èkó, ẹnu ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ló ń gbà kọjá.

Ojú ọ̀sà Lẹ́kí fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 247, àmọ́ kò jìn. Ibi tó jìn jù níbẹ̀ kò ju mítà 6.4 lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò sì tó mítà 3. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí apẹja tó dúró nínú ọkọ̀, tó ń fi ọ̀pá ti ilẹ̀ omi lọ dípò kó máa fi àjẹ̀ wà á. Omi tí kò jìn tí kò sì níyọ̀, òun ni òṣíbàtà àti ojú oró fẹ́ràn. Àdúrà tí a máa ń gbà, pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, ibẹ̀ lẹ ó ti fojú rí i: ewé tó tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ, òdòdó funfun láàárín rẹ̀, ẹyẹ sì ń rìn lórí rẹ̀ láìrì.

Koríko omi kẹta tó wà níbẹ̀, àlejò ni. Òun ni èyí tó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò tí àwọn oyinbo ń pè ní water hyacinth. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí i lójú omi wa, lápá Àgbádárìgì, láti ìgbà náà ló sì ti gba gbogbo ọ̀sà. Ní apá Èkó, iyọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn máa ń pa á. Ní Lẹ́kí tí kò níyọ̀, kò sóhun tó ń pa á, nítorí náà kò sí ìgbà tí kì í sí níbẹ̀. Tí ẹ bá wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, òun ló máa wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì yín tí ẹ ó fi dúró lójú omi fún ogún ìṣẹ́jú, tí ọlọ́kọ̀ á máa fi àdá gé e kúrò.

Ti IITA yàtọ̀. Èèyàn ló ṣe adágún yẹn, wọ́n dí odò kékeré kan láti rí omi lò fún iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn. Ọdún 1967 ni wọ́n dá IITA sílẹ̀, lórí ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 1,000, wọ́n sì fi apá ńlá kan nínú rẹ̀ sílẹ̀ kó di igbó. Ẹni tó bá dúró létí adágún náà, omi wà níwájú rẹ̀, igbó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ariwo ọjà.

Ohun tí ẹ ó rí, àti èyí tí ẹ ò ní rí

Ẹ má retí erinmi. Ẹ má sì sọ fún àwọn ọmọ pé wọ́n máa rí ọ̀nì. Ọ̀nì ṣì lè wà nínú àwọn àbàtà kan, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ọdẹ ń ṣe, kì í jókòó de àlejò. Bákan náà ni manatee, ẹran omi ńlá tí kì í ṣe ẹja, tó ń jẹ koríko bíi màlúù. Ó máa ń wá jẹun létí omi lóru, imú rẹ̀ nìkan ló sì máa ń yọ tó bá fẹ́ mí. Apẹja tó ti pẹ́ lójú omi lè fi ibi tó ti jẹ koríko hàn yín. Ẹ gba ìyẹn bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì dúpẹ́. Èyí tí ẹ ó rí dáadáa nínú àwọn afàyàfà ni awọ́nríwọ́n, tó máa ń yáàrùn lórí igi tó wó sínú omi. Bó bá gbọ́ ìró àjẹ̀, ó ti já sómi gbàmù.

Ẹyẹ ni ká sọ. Ní Ìwopin, nínú òṣíbàtà, ẹyẹ kan wà tí mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ kó má rí. Ara rẹ̀ pọ́n bí obì, ọrùn rẹ̀ funfun níwájú, awọ aláwọ̀ búlúù kan sì wà níwájú orí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní jacana. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé ìwúwo rẹ̀ á tàn káàkiri orí ewé, ìdí nìyẹn tí kì í fi rì. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀ kan, etí ewé á dìde díẹ̀. Bó bá gbé e kalẹ̀, á tún rọra wọlẹ̀, omi á sì yọ lójú ewé. Ìdílé rẹ̀ ló wá yani lẹ́nu jù. Abo ló tóbi ju akọ lọ, abo náà ló ń ní ju ọkọ kan lọ, àwọn ọkọ ló sì ń sàba lórí ẹyin. Tí ewu bá dé, bàbá á kó àwọn ọmọ sí abẹ́ apá rẹ̀, á gbé wọn lọ, ẹsẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ wọn á máa rọ̀ dirodiro níta. Mo ti sọ èyí fún àwọn ìyá kan n'Íjẹ̀bú-Òde, wọ́n ní kí n lọ kọ ọ́ sí ìwé kí ọkọ àwọn kà á.

Ẹyẹ apẹja tó ní dúdú àti funfun lára wà ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òun ló máa ń dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́, tí apá rẹ̀ á máa gbọ̀n pìpìpì, tí á wá já bọ́ sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọdé kì í sú láti wò ó. Èyí tó kéré jù ú lọ, tó jẹ́ búlúù tí ẹnu rẹ̀ pupa, ìtìjú ló ní. Nínú koríko etí adágún IITA lẹ ti lè rí i dáadáa tí ẹ bá dákẹ́. Ẹyẹ dúdú tó ń rì sómi lọ mú ẹja, tó wá ń ya apá méjèèjì sílẹ̀ lórí òpó bí ẹni ń sá aṣọ, cormorant ni. Ìyẹ́ rẹ̀ máa ń fa omi mu, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó tún rì.

Ẹ má pe gbogbo ẹyẹ funfun ní lékeléke. Lékeléke gan-an, èyí tí àwọn ọmọdé máa ń na èékánná sí pé kó fún àwọn ní funfun, ẹ̀yìn màlúù ló fẹ́ràn, ẹnu rẹ̀ kúrú, ó sì jẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Èyí tó dúró nínú omi, tí ẹnu àti ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan wá jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, òmíràn ni. Tí ẹ bá ti lè mọ ìyàtọ̀ yìí, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wíwo ẹyẹ nìyẹn.

Ní ọ̀nà Ìwopin, níbi tí igi ògùrọ̀ àti ọ̀pẹ bá ti pọ̀ létí àbàtà, ẹ gbójú sókè. Ẹyẹ ńlá funfun kan wà níbẹ̀ tí apá rẹ̀ ní dúdú, tí awọ ojú rẹ̀ pupa. Ìbátan igún ni, ṣùgbọ́n ẹyìn ló ń jẹ jù, á máa bó o lórí ọ̀pẹ bí ẹni pé òun ló ni oko. Ó tún ń jẹ alákàn àti ẹja tó bá rí.

Ní Ẹ̀pẹ́, ẹyẹ tí ẹ ó rí láìwá ni àwòdì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n máa ń yí ká òkè ọjà ẹja, wọ́n á já wálẹ̀ lọ gbé ìfun ẹja tí àwọn obìnrin dà nù. Bí òjò bá dé tán, wọ́n á ti kó lọ sí òkè ọya. Ó dùn ún wò, àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ jacana ní Ẹ̀pẹ́, ẹ ní láti wa ọkọ̀ jìnnà sí ìlú, kúrò níbi tí wọ́n ti ń wa yanrìn, sí ìhà ìlà-oòrùn níbi tí omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ti Lẹ́kí.

Ti IITA ni kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan ò ní fẹ́ gbọ́ ọ, torí ọ̀sà ló wù wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹyẹ omi àti ẹyẹ igbó pàdé níbẹ̀, ọ̀nà wà tí ẹsẹ̀ lè tọ̀, àwọn ẹyẹ náà ò sì bẹ̀rù èèyàn tó bẹ́ẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń yìnbọn sí wọn. Ẹyẹ kan tún wà nínú igbó náà tí àwọn èèyàn ń wọ bàálù wá wò láti òkè òkun. Ìdílé ẹ̀gà ló ti wá, dúdú ni, orí rẹ̀ àti àyà rẹ̀ pupa. Elgood, onímọ̀ ẹyẹ, ló kọ nípa rẹ̀ fún ayé ní 1958, wọ́n sì fi Ìbàdàn sọ ọ́ lórúkọ: Malimbus ibadanensis. Kò sí níbòmíràn láyé àfi gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà níhìn-ín. Mi ò sọ pé ẹ máa rí i o, ó ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ó mọ̀ pé ó wà lókè orí yín níbì kan.

Ọkọ̀ ojú omi

Níbí ni ìyàtọ̀ Ẹ̀pẹ́ àti Ìwopin ti le jù. Ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ jẹ́ ọkọ̀ èrò. Ó ní ẹ́ńjìnnì, ó ń yára, ẹni tó ń wà á sì ti mọ̀ pé ibì kan lẹ̀ ń lọ. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ kí omi ta sí òun lójú, kí àwọn ọmọ pariwo. Ẹyẹ á ti fò kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní Ìwopin, ẹ lè rí apẹja tó máa fi ọkọ̀ onígi gbé yín, Ìjẹ̀bú tàbí Ìlàjẹ, kó máa tì í jẹ́jẹ́. Ẹ jọ ṣe àdéhùn wákàtí, kì í ṣe ti ibi tí ẹ ń lọ. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń lọ nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ kí ẹ gbé wa wọ inú òṣíbàtà lọ́hùn-ún, fún wákàtí méjì.”

“Ibo lẹ̀ ń lọ gan-an?”

“A ò lọ síbì kankan, sà. Ẹyẹ la fẹ́ wò.”

“Ẹyẹ? Ẹyẹ tó ń jẹ mí lẹ́ja yìí náà?”

Á rẹ́rìn-ín, á pe ẹnì kejì rẹ̀ kó wá gbọ́. Ẹ bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé ibo ni ẹyẹ ti máa ń jẹ ẹja òun jù. Ibẹ̀ gan-an lẹ fẹ́ lọ, kò sì sí onímọ̀ kan tó máa mọ̀ ọ́n ju òun lọ. Ẹ sọ fún un pé kó yà kúrò níbi tí wọ́n ri ìgèrè àti àwọ̀n sí, torí ọkọ̀ àlejò tó fa àwọ̀n ẹlòmíràn ya máa ń dá ìjà sílẹ̀, àwọn tó ń gbé níbẹ̀ ló sì máa parí rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá lọ tán.

Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì ni ọ̀rọ̀ tí mi ò ní bá ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Ní Ẹ̀pẹ́, ìjọba Èkó ní àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ ojú omi, LASWA, èrò sì gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ ṣáà wò ó dáadáa bóyá okùn rẹ̀ ṣì dì. Tí ẹ bá ń lọ Ìwopin, ẹ gbé tiyín dání láti ilé, kí ti ọmọdé sì jẹ́ ti ọmọdé lóòótọ́. Ti àgbà á yọ lọ́rùn ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tó bá bọ́ sómi. Ọ̀sà tí kò jìn, ìgbì rẹ̀ máa ń tètè dìde tí atẹ́gùn bá fẹ́. Láti nǹkan bí aago kan ọ̀sán lọ, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yín ti wà létí ilẹ̀. Nínú oṣù kẹta àti oṣù kẹrin tí ìjì òjò àkọ́rọ̀ bá ń jà, bí ẹ bá rí i tí ojú ọ̀run ṣú lápá ìlà-oòrùn, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ wo ẹyẹ kan sí i.

Ní IITA, ẹsẹ̀ lẹ fi ń rìn. Fún ẹni tí omi ń bà lẹ́rù, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọmọdé, àgbà, àti ìwẹ̀ nínú omi

Bí ẹ bá ní màmá àgbà tí eékún ń dùn, ẹ gbé wọn lọ Ẹ̀pẹ́. Wọ́n á rí ibi jókòó, wọ́n á rí ilé ìtura, wọ́n á sì rí ọjà Olúwo níbi tí wọ́n ti máa ná ẹja títí tí inú wọn á fi dùn. Ọ̀bọ̀kún, àrọ̀, epìyà, edé ńláńlá, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo mọ àwọn tó jẹ́ pé ẹja ni wọ́n bá lọ sí Ẹ̀pẹ́ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n wá fi ìrìn ojú omi kún un. Àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́. Mi ò bá wọn wí. Ìtàn ìlú náà sì tó ọmọ gbọ́, pé Èkó Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ ló so pọ̀ níbẹ̀, pé Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ sá wá síbẹ̀ láti Èkó ní 1851.

Ìwopin kò ní irú ìgbádùn bẹ́ẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ lè má rọrùn láti rí, òòrùn á sì jó yín nínú ọkọ̀ tí kò ní ìbòrí. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá sókè tó lè jókòó jẹ́jẹ́ á gbádùn rẹ̀ ju àgbà lọ.

Nípa wíwẹ̀, ẹ gbọ́ mi yé. Omi tí kò níyọ̀, tí kò sì ṣàn púpọ̀, tí koríko wà létí rẹ̀, ibẹ̀ ni ìgbín kékeré tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá máa ń gbé. Kòkòrò náà á jáde lára ìgbín, á gba awọ ara wọlé láì dá ojú ọgbẹ́ sílẹ̀, ó lè pẹ́ kí ẹ tó rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ ọmọ. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ló ń jẹ́, dókítà ló sì ń fúnni. Ṣùgbọ́n ó rọrùn jù kéèyàn má ki ẹsẹ̀ bọ omi etí àbàtà rárá. Ẹ wọ bàtà rọ́bà gígùn tí ẹ bá fẹ́ ti ọkọ̀ jáde. Ẹni tó bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ ní tòótọ́, kó wá odò ìwẹ̀ tó mọ́ tàbí ilé ìtura tó ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́. Yemọjí, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ tí àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ìrìn àfẹ́ ni tibẹ̀, ẹ má tìtorí ẹyẹ lọ.

Ìgbà wo?

Ẹ̀ẹ̀rùn ni, láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta. Ìdí méjì ló wà fún un. Àkọ́kọ́, omi á fà, ẹrẹ̀ á yọ síta, ẹja á kó jọ síbi tí omi kù sí, ẹyẹ náà á sì kó jọ síbẹ̀. Ní ìgbà òjò, omi á kún wọ inú igbó, gbogbo ẹyẹ á fọ́n ká, ẹ ó wá wọn tì. Èkejì, àwọn ẹyẹ ilẹ̀ Yúróòpù á ti sá fún òtútù wá sọ́dọ̀ wa lásìkò yẹn. Ẹyẹ kékeré kan tí ìdí rẹ̀ kì í sinmi, tó ń jù ú sókè sódò bó ṣe ń rìn létí ẹrẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ni. Ó ti fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà kó tó dé Ìwopin. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yín bá gbóná l'Ábígí, lójú ọ̀nà Ìwopin, ẹ rántí rẹ̀.

Ìṣòro kan ṣoṣo tí ẹ̀ẹ̀rùn ní ni ọyẹ́. Ní àárín oṣù kejìlá sí oṣù kìíní, ó lè bo ọ̀sà débi pé ẹ ò ní rí etí kejì. IITA kò fara gbá a tó bẹ́ẹ̀ torí adágún rẹ̀ kò fẹ̀, ẹyẹ sì máa ń súnmọ́ni. Nítorí náà, tí ọyẹ́ bá mú, ẹ gba Ìbàdàn.

Ní ti wákàtí, kò sí àríyànjiyàn: ìdájí. Kí ẹ ti wà létí omi kí oòrùn tó yọ tán. Ìgbà kejì tó dára ni ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ẹyẹ funfun bá ń tò lọ sórí igi tí wọ́n máa sùn. Ẹni tó bá dé ní aago mọ́kànlá àárọ̀ tó ní òun ò rí nǹkan kan, òun ló pẹ́.

Ọ̀nà àti owó

Fún ará Ìjẹ̀bú-Òde, Ẹ̀pẹ́ ló súnmọ́ jù, ọ̀nà tààrà sì ni. Ìwopin jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó gba apá Ìbíadé àti Àbígí, ẹ bèèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́wọ́ awakọ̀ tó lọ lọ́sẹ̀ yẹn, torí òjò kan lè yí i padà. Nítorí ìdájí tí mo sọ yẹn, ó sàn kí ẹ sùn ní ìtòsí mọ́jú.

Ará Rẹ́mọ ní àǹfààní tiwọn. Ẹni tó bá wà ní Ṣágámù, Ògèrè tàbí Ìṣarà, òpópónà Èkó sí Ìbàdàn wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, IITA á sì rọrùn fún un ju Ìwopin lọ. Kìkì pé apá Mọ́níyà ni IITA wà, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ la Ìbàdàn já tàbí yí i ká. Ẹni tó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìbàdàn á mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n ní ilé àlejò nínú ọgbà náà. Ẹ má kàn dìde lọ ẹnu géètì wọn o. Ẹ kọ́kọ́ kàn sí wọn, ẹ sọ pé ẹyẹ lẹ fẹ́ wá wò, kí wọ́n sì fún yín lẹ́ni tó mọ igbó náà. IITA ló máa ná yín lówó jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ bá sùn síbẹ̀. Ìwopin ló dínwó jù ní ti ọkọ̀ onígi, àmọ́ epo mọ́tò ló máa gba èyí tí ẹ fi pamọ́.

Ẹ̀rọ bainókúlà ṣe pàtàkì ju kámẹ́rà lọ. Tí ẹ bá fẹ́ rà, nọ́ńbà 8x42 ni kí ẹ wá: 8 ni ìye ìgbà tó ń mú nǹkan tóbi, 42 sì ni fífẹ̀ gíláàsì iwájú rẹ̀ ní mìlímítà. Èyí tó jẹ́ 10 lè wù yín, ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tó ń mì, á máa gbọ̀n lójú yín. Ọ̀kan péré tó ìdílé kan, tí wọn ò bá ní jà.

Ti J4 wá ńkọ́?

Mo fi í sẹ́yìn torí kì í ṣe adágún. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìjọba ni igbó Omo, ní Ìjẹ̀bú East, wọ́n yà á sọ́tọ̀ ní 1925, UNESCO sì fi í sára àwọn ibi tí ayé ń dáàbò bò ní 1977. Odò Omo la inú rẹ̀ kọjá. Òótọ́ ni pé erin ṣì wà níbẹ̀, erin inú igbó tó kéré ju ti pápá lọ. Ṣùgbọ́n ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ ó rí, ojú erin fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣèlérí. Láìsí ẹ̀ṣọ́ igbó níwájú yín, ẹ má wọ ibẹ̀, ẹ má sì kó ọmọ kékeré dání. Ohun kan wà tó so ibẹ̀ pọ̀ mọ́ Ìwopin: ọ̀pọ̀ igi gmelina tí ẹ ó rí tí wọ́n tò bí ọmọ ogun ní J4, ilé iṣẹ́ bébà tí ìjọba ń kọ́ sí Ìwopin ni wọ́n gbìn ín fún. Ilé iṣẹ́ náà kò rìn jìnnà, igi sì dàgbà.

Ní gbogbo ibi tí ẹ bá yàn, wọ́n lè fi awun tàbí ọmọ ọ̀nì tàbí odídẹrẹ́ lọ̀ yín ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Òfin ti wà lórí èyí láti 1985. Àwọn kan máa ń rà á nítorí àánú, kí wọ́n lè lọ dá a sílẹ̀ sínú omi. Owó yín ni ẹni tó tà á máa fi ra okùn tuntun, ọ̀la á sì ti mú òmíràn wá. Ẹ kí i, ẹ máa lọ.